Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Sáfà Tó Ń Falẹ̀ Bí Àwọn Tó Ń Wọlé Bá Ti Ń Pọ̀ Sí I

Ojú-ìwé yìí wà fún ẹni tí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ó ń lo Linux pẹ̀lú Nginx, PHP àti MySQL tàbí PostgreSQL, tí ó sì ń rí i pé gbogbo nǹkan ń lọ geere ní òru, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ sáfà ń dì bí èrò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ń lé: kí ẹ wá ibi tí iṣẹ́ ti ń tò sórí ìlà kí ẹ tó náwó, nítorí pé àtúnṣe tí a bá ṣe síbòmíràn kò ní yí ohunkóhun padà.

Kí ló dé tí ojú-ìwé tó ń ṣí kíá fún èèyàn mẹ́wàá fi ń gba ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí wọ́n bá di igba?

Ìdí ni pé ìfalẹ̀ kì í bá iye èèyàn rìn ní dọ́gbadọ́gba. Ohun gbogbo tó ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà, ìbáà ṣe CPU, díìsìkì tàbí ìsopọ̀ mọ́ dátábéèsì, ló ní iye iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iṣẹ́ tó ń wọlé bá kéré sí iye yẹn dáadáa, kò sí iṣẹ́ tó ń dúró de òmíràn. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí ìlà, ìdúró lórí ìlà yẹn ló sì máa ń jẹ àkókò ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Nínú ìṣirò ìlà tó rọrùn jù lọ, níbi tí ohun kan ṣoṣo ti ń dá gbogbo iṣẹ́ lóhùn tí iṣẹ́ sì ń wọlé láìní àkókò kan pàtó, àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà yóò di ìlọ́po 2 nígbà tí a bá ń lo ìdá 50 nínú 100 agbára ohun náà. Yóò di ìlọ́po 5 ní ìdá 80, ìlọ́po 10 ní ìdá 90, àti ìlọ́po 20 ní ìdá 95. Ẹ wò ó bí ìdá 5 péré, láti 90 sí 95, ṣe sọ àkókò náà di ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí sáfà tó dára lánàá fi lè dà bí òkú lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló fi pọ̀ sí i.

Èèyàn 500 ló wọlé báyìí. Ṣé iṣẹ́ 500 ni sáfà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà?

Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ wọn ni, tàbí kí wọ́n máa kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Òfin kan tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1961 ló ń jẹ́ kí a mọ iye tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́: ẹ mú iye iṣẹ́ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ fi àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èèyàn 500 bá ń tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 20, iṣẹ́ 25 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gba 0.2 ìṣẹ́jú àáyá, iṣẹ́ 5 ló máa wà lọ́wọ́ sáfà nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n bí query kan (ìbéèrè tí kóòdù ń fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì) bá bàjẹ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 2, iṣẹ́ 50 ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo kò kún àwọn tó wọlé. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé èrò ló pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ti ń pẹ́ jù.

Ibo ni kí n kọ́kọ́ wò, ìgbà wo sì ni kí n wò ó?

Ìgbà tí èrò wà lórí rẹ̀ gan-an ni. Sáfà tí a yẹ̀ wò ní aago méjì òru kò ní ohun tó fẹ́ sọ fún wa nípa ohun tó ṣe é ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ẹ wọ inú sáfà, kí ẹ tẹ `vmstat 1`, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fo ìlà àkọ́kọ́, nítorí pé ìpíndọ́gba láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ ni ó ń sọ. Láti ìlà kejì lọ, òpó tí wọ́n kọ `r` sí lórí ni iye iṣẹ́ tó wà lórí CPU tàbí tó ń dúró dè é. `b` ni àwọn tó dúró pa, tí wọ́n sábà máa ń retí díìsìkì. `si` àti `so` ń sọ bóyá RAM ti kún débi pé ẹ̀rọ ń kó nǹkan lọ kó nǹkan bọ̀ láti inú swap, ìyẹn apá díìsìkì tí ó ń lò bíi RAM. Lápá ọ̀tún pátápátá, `us` àti `sy` ni àkókò tí CPU fi ń ṣiṣẹ́, `id` ni èyí tó fi ń sinmi, `wa` ni èyí tó fi ń dúró de díìsìkì, `st` sì ni èyí tí ẹ̀rọ ńlá tó gbé sáfà yín ró gbà lọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Bí `r` bá ń ga ju iye core (ẹyọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) tí `nproc` fi hàn lọ léraléra, tí `id` sì wà nítòsí òdo, CPU ni ìlà wà. Bí `b` àti `wa` bá ga, díìsìkì ni, kí ẹ sì lo `iostat -x 1` láti mọ èyí tó jẹ́ nínú àwọn díìsìkì náà. Bí `si` àti `so` kò bá yé jáde, RAM ti tán. Ipò kẹrin ni mo ń bá pàdé jù, òun náà ló sì ń da àwọn èèyàn láàmú jù: gbogbo òpó wọ̀nyí dákẹ́, CPU ń sinmi, síbẹ̀ ojú-ìwé kò ṣí. Ohun tí èyí ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò ṣe àárẹ̀ rárá. Ẹnìkan ti fi òdiwọ̀n síbìkan, òdiwọ̀n yẹn ló sì dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ tún fi `$request_time` àti `$upstream_response_time` kún `log_format` inú Nginx. Àkọ́kọ́ ni àpapọ̀ àkókò tí iṣẹ́ náà gbà, èkejì sì ni èyí tí PHP àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àkọ́kọ́ bá fi púpọ̀ ju èkejì lọ, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lò ó ló ń fà.

Load average wa ti dé 12. Ṣé ewu ni?

Load average ni ìpíndọ́gba iye iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń dúró, ewu rẹ̀ sì dọ́wọ́ iye core tí CPU ní. Lórí ẹ̀rọ tó ní core 16, kò burú. Lórí èyí tó ní 2, ìlà gùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Linux ń ka àwọn iṣẹ́ tó ń dúró de díìsìkì mọ́ ọn, nítorí náà load lè ga fíofío nígbà tí CPU kò rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta náà jẹ́ ti ìṣẹ́jú 1, 5 àti 15, ẹ sì lè fi mọ̀ bóyá wàhálà ń gòkè tàbí ó ń rọlẹ̀.

CPU ń sinmi, RAM ṣì kù, àmọ́ 504 (àṣìṣe pé ìdáhùn pẹ́ jù) ni àwọn èèyàn ń rí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ PHP-FPM, ìyẹn àwọn process tó ń bá Nginx ṣiṣẹ́ PHP, ló tán. Mo rí irú rẹ̀ lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní àárọ̀ ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde. Ohun tó ju ìlàjì RAM lọ ló wà lófìfo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí nǹkan kan ju ojú-ìwé funfun lọ. Inú fáìlì log PHP-FPM ni ìdáhùn wà, lórí ìlà kan tó jáde pé: `server reached pm.max_children setting (5), consider raising it`. Márùn-ún yẹn ni iye tó máa ń wà nínú `www.conf` láti ilé, ẹni tó tò ó kò sì fọwọ́ kàn án. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ló ń dá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà lóhùn, gẹ́gẹ́ bí báńkì tó ní gbọ̀ngàn ńlá ṣùgbọ́n tí akọ̀wé márùn-ún péré jókòó nídìí owó. Ẹni kẹfà ń dúró, Nginx sì ń dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí `fastcgi_read_timeout`, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 60 bí a kò bá yí i padà, á fi pé.

Ẹ má kàn kọ 500 síbẹ̀. Ẹ fi `ps` wo iye RAM tí òṣìṣẹ́ kan ń jẹ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ká ní ó jẹ́ 60 MB, tí sáfà ní 8 GB, tí ẹ sì fi 3 GB sílẹ̀ fún dátábéèsì àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ bíi 80 ni ó lè gbà. Bí ẹ bá sì ti gbé e dé 80, ẹ padà lọ wo dátábéèsì, nítorí ìlà tí ẹ tú ká níbí lè lọ tò síbẹ̀.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí RAM bá tán lóòótọ́?

Swap ni yóò kọ́kọ́ gbà á, iṣẹ́ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá kan á sì wá máa wọ́ nílẹ̀. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kernel á yan iṣẹ́ kan á sì pa á, dátábéèsì ló sì sábà máa ń bá a lọ nítorí òun ló ń jẹ RAM jù. Ẹ wá `Out of memory` nínú `dmesg`. Nínú `free -m`, òpó `available` ni kí ẹ gbójú lé. `free` máa ń kéré nítorí Linux ń fi RAM tó ṣófo tọ́jú fáìlì, èyí kò sì léwu.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé dátábéèsì ló ń fa ìfalẹ̀?

Ibẹ̀ ni mo máa ń retí ìdáhùn nínú ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń lo irú ètò yìí, nítorí náà ẹ fún un ní àkókò tó pọ̀ jù. Ẹ tan slow query log, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn query tó pẹ́ ju òdiwọ̀n kan lọ. Nínú MySQL, pípa ni ó máa ń wà, kódà bí ẹ bá tàn án, `long_query_time` rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, èyí tó ga jù láti rí ohunkóhun tó wúlò. Ẹ sọ ọ́ di 1 tàbí 0.5. Nínú PostgreSQL, `log_min_duration_statement` ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, `pg_stat_statements` sì ń ṣírò àpapọ̀ àkókò tí oríṣi query kọ̀ọ̀kan ti jẹ.

Àpapọ̀ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Query tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 8 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kò ṣe èrò ní nǹkan kan. Èyí tó ń gba 0.05 péré, ṣùgbọ́n tí ojú-ìwé kan ń pè nígbà 120, ló ń gba ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣí ojú-ìwé náà. Irú èyí máa ń wáyé nígbà tí kóòdù bá kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 120 jáde tán, tí ó sì tún padà lọ béèrè èsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kó béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Slow query log kò ní mú un, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó falẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi `EXPLAIN` síwájú query tó ń jẹ àkókò jù. Bí MySQL bá kọ `ALL` sábẹ́ òpó `type`, tàbí tí PostgreSQL bá sọ `Seq Scan` lórí tábìlì ńlá, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka tábìlì náà láti òkè délẹ̀ kó tó rí ìlà kan. Ẹ fi index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì lọ tààrà sí ìlà tó ń wá) sórí òpó tí ẹ fi ń wá nǹkan, irú bíi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Lórí tábìlì tó ní ìlà mílíọ̀nù kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, owó kankan kò sì jáde lápò yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi index sórí gbogbo òpó, torí pé gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá kọ nǹkan wọlé ni dátábéèsì gbọ́dọ̀ tún index náà ṣe.

Ẹ tún wo iye RAM tí dátábéèsì lè lò. `innodb_buffer_pool_size` ti MySQL àti `shared_buffers` ti PostgreSQL jẹ́ 128 MB láti ilé, láìka bí sáfà yín ti tóbi tó sí.

Ó kọ `Too many connections`. Ṣé kí n gbé iye rẹ̀ sókè?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí tí wọ́n fi pọ̀. MySQL ń gba ìsopọ̀ 151, PostgreSQL 100, bí a kò bá yí i padà. Bí `SHOW PROCESSLIST` tàbí `pg_stat_activity` bá fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ jókòó láìṣe nǹkan kan, kóòdù yín ń ṣí wọn láì dá wọn padà. Bí wọ́n bá jọ ń dúró de ìlà kan náà nínú tábìlì, ẹnìkan ló di ìlà yẹn mú, ìsopọ̀ 1,000 kò sì ní tú u sílẹ̀. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sí PostgreSQL jẹ́ process odindi kan, nítorí náà ọ̀nà tó tọ́ níbẹ̀ ni kí ẹ fi PgBouncer sáàárín, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń wọlé gan-an ló máa ń burú jù, tí ara sì máa ń rọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ti wọlé tán?

Nítorí pé wíwọlé wà lára iṣẹ́ tó wúwo jù lórí ìkànnì, ìmọ̀ọ́mọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà bó ṣe wà. Bcrypt, tí Niels Provos àti David Mazières gbé jáde ní ọdún 1999, ni PHP ń fi lọ̀ ọ́ kúnná, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti jẹ CPU kó má bàa rọrùn fún olè láti dán ọ̀rọ̀ aṣínà mílíọ̀nù wò. Bí cost rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó) bá fi 1 gòkè, iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. PHP 8.4 gbé e láti 10 sí 12, èyí tó túmọ̀ sí ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé PHP yín sókè tí àárọ̀ ọjọ́ Ajé wá di ìṣòro, ẹ wo ibẹ̀. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni dín cost kù láìronú. Ohun tó sàn ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti wọlé pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó lé wọn jáde, kí wọ́n má bàa máa padà wá lọ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn ní wákàtí-wákàtí.

Ohun kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́. Bí kóòdù yín bá ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù kí ó tó dá èèyàn lóhùn, òṣìṣẹ́ PHP yẹn kò lè ṣe nǹkan mìíràn títí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ á fi fèsì. Bí tiwọn bá falẹ̀, tiyín náà á dúró. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ mìíràn tó wà lẹ́yìn máa fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì fi gbèdéke ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí gbogbo ohun tí ẹ bá ń béèrè níta.

Ẹnìkan ṣí ojú-ìwé mẹ́fà pọ̀, wọ́n sì ń ṣí tẹ̀léra wọn. Ṣé sáfà ló ń falẹ̀?

Fáìlì session ni, ìyẹn ibi tí PHP ń tọ́jú ohun tó mọ̀ nípa ẹni tó wọlé. PHP máa ń ti fáìlì yẹn pa títí ojú-ìwé kan á fi parí, èyí tó kù fún ẹni kan náà á sì máa dúró. Ẹ pe `session_write_close()` ní kété tí ẹ bá ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ sínú session tán.

Ṣé cache lè gbà wá?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ohun tí ẹ ń fi hàn bá jọra fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí cache ń tọ́jú ẹ̀dà ìdáhùn kí sáfà má bàa tún un ṣe. HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń yan ètò ìlera, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ni àpẹẹrẹ tó yé mi jù. Wọ́n ní kí ènìyàn ṣí àkáǹtì kó tó lè wo iye owó àwọn ètò ìlera, nítorí náà àwọn tó kàn fẹ́ wò ó lásán náà rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ìwọlé. Ènìyàn mẹ́fà péré ló forúkọ sílẹ̀ parí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn tó wá tún un ṣe fi cache síwájú dátábéèsì, àkókò tí ojú-ìwé ń gbà láti ṣí wálẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 2. Ẹ wo ìkànnì tiyín: àkókò ìdánwò, iye owó ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìkéde, ǹjẹ́ ó pọn dandan kí ènìyàn wọlé kó tó rí wọn? Bí kò bá pọn dandan, ẹ gbé wọn síta gẹ́gẹ́ bí fáìlì HTML lásán. Nginx lè fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láìyọ PHP lẹ́nu rárá.

Ṣùgbọ́n ojú-ìwé tó ní orúkọ àti èsì ẹnì kan nínú kò gbọdọ̀ wọ inú cache tí gbogbo ayé ń pín. Ẹlòmíràn ló máa rí i.

Ṣé kí n kúkú ra sáfà tó tóbi sí i?

Bí ẹ bá ti rí i pé CPU tàbí RAM ló kún lóòótọ́, tí ẹ sì ti tún query ṣe, ẹ rà á. Bí `st` bá ń ga nínú `vmstat`, ẹ bá ẹni tó ń fún yín ní sáfà sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ẹlòmíràn ló ń jẹ ìpín yín. Bí ó bá jẹ́ pé òdiwọ̀n tàbí index ló fà á, owó dọ́là tí ẹ bá kó jáde kò ní yí ohunkóhun padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe sáfà?

Ẹ lo `curl` láti inú sáfà fúnra rẹ̀, kí ẹ tún lò ó láti ilé, kí ẹ sì fi `time_starttransfer` (àkókò tí ìdáhùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé) wé ara wọn. Bí ti inú bá yá tí ti ìta falẹ̀, ọ̀nà ni. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù kò lè dín ní nǹkan bí 0.05 ìṣẹ́jú àáyá láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ń fa gbogbo ènìyàn bákan náà ní òru àti ní ọ̀sán. Ìfalẹ̀ tó ń bá èrò wá tó sì ń bá èrò lọ, inú sáfà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a.

Báwo ni mo ṣe lè dán an wò kí ọjọ́ tó pé?

Ẹ lo k6 tàbí JMeter, àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọlé, lórí sáfà tí ẹ fi ṣe àdánwò, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń lò lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà àtọwọ́dá náà wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tó yàtọ̀ síra, kí wọ́n dúró díẹ̀ bí ẹni ń kàwé, kí wọ́n wá wo èsì. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń pè lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i kò fi ohunkóhun hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè, kí ẹ sì kọ iye tí àkókò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sílẹ̀. Iye yẹn ni agbára sáfà yín. Ẹ má wo ìpíndọ́gba nìkan. Ẹ wo àkókò tí ìdá 95 nínú 100 àwọn iṣẹ́ kò kọjá, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pè yín lórí fóònù.

Èrò ti kún báyìí, ó ti ń kú lọ. Kí ni kí n ṣe ní ìṣẹ́jú yìí?

Ẹ má máa pa á tàn án. Bí ẹ bá tan dátábéèsì padà, ohun tó ti kó sínú RAM ti dànù, díìsìkì ló máa tún kà á láti inú, àwọn èèyàn tó ti ń tẹ bọ́tìnnì léraléra á sì rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ pa àwọn iṣẹ́ tó lè dúró: ìjábọ̀ ńlá, backup, cron tó ń fi í-meèlì ránṣẹ́. Ẹ wá query tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, kí ẹ sì pa á bí ó bá jẹ́ kíkà lásán ni ó ń kà. Ẹ fi `limit_req` inú Nginx, tó ń fi òdiwọ̀n sí iye ìbéèrè tó ń wọlé, sí ojú-ìwé ìwọlé, kí ẹni tí kò tíì kàn rí ojú-ìwé kékeré kan tó sọ fún un ní èdè tó yé e pé kó dúró díẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ àti èsì rẹ̀ kò sọnù. Ó sàn kí 200 wọlé kí wọ́n parí iṣẹ́ wọn ju kí 2,000 jọ máa wo ojú-ìwé funfun lọ. Nígbà tí ara bá sì ti rọ̀ ọ́, ẹ da fáìlì log wákàtí yẹn kọ síbòmíràn kí logrotate tó pa á rẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ ti máa rí ibi tí ìlà náà wà gan-an.